Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí abẹ́rẹ́ yírùnyírùn

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni Táyé àti Kẹ́hìndé wà? Bàbá wọn ńkọ́? Ara wa le níbí, a dúpẹ́.

Mo rí fọ́tò páálí abẹ́rẹ́ tí o fi ránṣẹ́. O ní abẹ́rẹ́ yírùnyírùn ni wọ́n fẹ́ gún fún àwọn ọmọ, kí ló wá gbé orúkọ kòkòrò gbọ̀fungbọ̀fun dé ara páálí? Ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè gidi lo bi mí.

CRM197 lo rí yẹn, purotéènì kan tó wá láti ara kòkòrò gbọ̀fungbọ̀fun. Oró tí kòkòrò gbọ̀fungbọ̀fun ń tú sí ara ló ń pa ọmọ, purotéènì sì ni oró náà: ẹyọ amino acid 535 tí a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ti mọ CRM197 ṣáájú, pé ó jọ oró náà ṣùgbọ́n kò lè pani. Ní 1984, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Rino Rappuoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Siena, nílẹ̀ Ítálì, fi ìdí rẹ̀ hàn: ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà ní ipò 52, ló yàtọ̀. Ẹyọ kan péré, oró ti tán lára rẹ̀!

Kòkòrò yírùnyírùn ní tirẹ̀ máa ń fi ṣúgà bo ara, ara ọmọ ọwọ́ kì í sì í ka ṣúgà yẹn sí ọ̀tá. Bí wọ́n bá so ó mọ́ CRM197, ara á ta jí sí méjèèjì, kò sì ní gbàgbé. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú abẹ́rẹ́ yẹn nìyí, kò lè kó gbọ̀fungbọ̀fun ran ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ikọ́ àwúbì. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń pa oró rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣe abẹ́rẹ́, kẹ́míkà a sì máa ba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Rappuoli àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ yí jíìnì kòkòrò náà fúnra rẹ̀ padà, ibi méjì péré lára oró náà ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 1989. Ìrísí kò bàjẹ́, oró lọ. Irú làákàyè yìí wù mí púpọ̀.

Má sì rò pé ohun àjèjì ni sí wa. Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild wa níbí, àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà lára àwọn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ éèyí wò fún nílẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kẹrin 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ yírùnyírùn tí wọ́n ń pè ní Men5CV ní gbogbo àgbáyé, lókè Ọya. Ẹ̀yà yírùnyírùn márùn-ún ló ń dènà, CRM197 yìí kan náà ni wọ́n so mọ́ mẹ́ta nínú wọn.

Nítorí náà, jẹ́ kí wọ́n gún un. Ibi tí wọ́n gún lè wú díẹ̀, ara wọn sì lè gbóná. Bí ó bá ju ọjọ́ méjì lọ, fi tó nọ́ọ̀sì létí. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Tóbi