Kí o tó wọ kíláàsì báyókẹ́mísírì

Àjọkẹ́ mi,

Inú mi dùn gan-an pé báyókẹ́mísírì lo fẹ́ kọ́. O ní o ti ń há orúkọ àwọn enzyme, àwọn ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà inú ara yá, sórí. Fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Logarithm, ìyẹn agbára tí a ó gbé 10 sí kí ó tó di nọ́ńbà kan, ni kí o kọ́kọ́ jókòó tì.

Ìdí rèé. pH tí ẹ ó máa pè lójoojúmọ́, ìyẹn ìwọ̀n bí omi kan ṣe kan (acid) tó, logarithm ni. Bí ó bá fi 1 wálẹ̀, ion hydrogen inú omi náà ti di ìlọ́po 10. pH ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ara rẹ̀ yá kì í kúrò láàárín 7.35 sí 7.45. Bí ó bá já láti 7.4 sí 7.1, ẹni tí kò mọ logarithm á ní 0.3 péré ni, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ion hydrogen ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ewu ńlá sì ni. Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ lórí ìwé, láìlo ẹ̀rọ ìṣirò: logarithm 2 tó nǹkan bí 0.3. Tí èyí bá ti yé ọ, ìṣirò buffer (àpòpọ̀ tí kì í jẹ́ kí pH yí padà púpọ̀) ò ní í bà ọ́ lẹ́rù.

Tún mole (ẹyọ tí a fi ń ka iye molecule) àti ìṣirò bíbomi là ṣe dáadáa. Bí o bá ní omi iyọ̀ 5 M (mole 5 nínú lítà kan), tí o fẹ́ 100 mL tó jẹ́ 0.1 M, 2 mL ni wàá bù, kí o wá fi omi kún un dé 100.

Nínú kẹ́mísírì carbon, mọ àwọn ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù tí à ń pè ní carboxyl, amino, hydroxyl àti phosphate bí ẹni mọ ojú ará ilé. Nínú amino acid 20 tó ń para pọ̀ di protein, gbogbo wọn ló ní carboxyl àti amino (ti proline nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀). Ní pH 7, carboxyl ti fi hydrogen rẹ̀ sílẹ̀, amino sì ti gba kan mọ́ra. Ṣé o rí i pé pH náà la tún padà bá?

Calculus tí o ń bẹ̀rù, díẹ̀ ló máa kàn ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o mọ gíráàfù kà. Wo èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michaelis àti Menten fi sílẹ̀ ní 1913: nígbà tí substrate (ohun tí enzyme ń ṣiṣẹ́ lé lórí) bá kéré, bí o bá sọ ọ́ di méjì, iṣẹ́ enzyme náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ní ìlọ́po méjì. Bó bá ti wá pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sí bí o ṣe lè fi kún un tí iṣẹ́ á tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ gbogbo enzyme ti dí.

Èyí tó bá ṣòro, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì jẹ́ kí n rí ibi tí o bá iṣẹ́ náà dé kó tó dojú rú.

Màmá rẹ