Omi inú ẹ̀fọ́ ló ń ba ẹyin yíyan jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń yan ẹyin ẹlẹ́fọ̀ọ́ jẹ ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Sátidé máa ń ráhùn pé ó ń ṣomi, wọ́n á sì di ẹ̀bi náà ru ẹyin. Ẹyin ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọn ò fún dáadáa ni.

Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ni kí ẹ rà ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá. Ẹ fi gbúre sílẹ̀ fún ọbẹ̀, omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì ń yọ̀. Amúnútutù náà ń yọ̀.

Fún ẹni mẹ́rin, ẹyin mẹ́jọ àti ìdì tẹ̀tẹ̀ ńlá méjì tó. Ẹ já ewé rẹ̀, ẹ ṣàn án kí iyanrìn tán, ẹ dà á sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ sì kó o sínú omi tútù. Ẹ wá fún un. Asẹ́ nìkan ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ máa bù ú ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, torí rírẹ́ náà ń tú omi mìíràn sílẹ̀. Ìdì méjì yẹn lè sún kì di nǹkan bí ife tíì kan.

Ẹ dín àlùbọ́sà kan àti ata rodo kan nínú ṣíbí òróró méjì. Bí ẹ bá fẹ́ tòmátò, ẹ kọ́kọ́ yọ omi àti kóró inú rẹ̀ dànù. Ẹ da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ rò ó kó gbẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Bó bá gbóná, inú abọ́ ni ẹyin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Ẹ fọ́ ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ife kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀, nítorí ọ̀kan tó ti rà lè ba méje yòókù jẹ́. Mílíìkì ìdajì ife tíì, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ má lù ú bíi ti kéèkì: afẹ́fẹ́ á gbé e wú nínú ààrò, á sì wọlẹ̀ bó bá ti jáde. Wàrà Fúlàní dára nínú rẹ̀, àmọ́ kì í yọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Ẹ po ẹ̀fọ́ tó ti tutù mọ́ ẹyin, ẹ fi bọ́tà pa inú páànù kéèkì, ẹ dà á sínú rẹ̀, kí ààrò sì ti gbóná dé 180°C kí ẹ tó gbé e wọlé. Á lo ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ gbé e jáde nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dì, tí àárín ṣì ń gbọ̀n díẹ̀. Ooru inú páànù á parí ìyókù. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹyin á le, á sì fún omi ara rẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n tún máa ń dá ẹ̀fọ́ lẹ́bi lásán!

Bí ààrò iná mànàmáná bá ni, tí wọ́n wá mú iná lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí kò ní ààrò lè da iyanrìn gbígbẹ tó nípọn tó ìka méjì sínú ìkòkò ńlá, kó dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 10, kó tó gbé páànù lé e. Kí iná mọ níwọ̀n, á tó ìṣẹ́jú 40. Kó nu ọmọrí ìkòkò lẹ́ẹ̀kan láàárín, kí omi má kán sórí ẹyin.

Ó yẹ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó gé e. Inú fíríìjì ni kí èyí tó bá ṣẹ́kù sùn.

Olùkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.