Bí o ṣe máa ka Pygmalion

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbà pé ara le. Ní ti Pygmalion, eré George Bernard Shaw tí tíṣà yín ní kí ẹ kà, má ṣe fi fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nínú My Fair Lady, eré olórin tó jáde lọ́dún 1956 tí wọ́n fà yọ láti inú eré yìí, tí wọ́n sì padà fi ṣe fíìmù, Eliza, ọmọbìnrin tálákà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́lá, padà sọ́dọ̀ Higgins, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ, níkẹyìn, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sínú ìdánwò. Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Shaw tiẹ̀ kọ àfikún lọ́dún 1916, ó ní Freddy, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfẹ́ Eliza kó sí lórí, ni Eliza fẹ́.

Ka apá márààrún tán lẹ́ẹ̀kan ná, kí o sì ka apá kìíní sókè. Òjò ń rọ̀ ní Covent Garden, àwọn èèyàn sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Eliza ń ta òdòdó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Shaw ṣe kọ ọ́. Ojú nìkan kò lè kà á, àfi kí etí gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí Shaw fúnra rẹ̀ fi jáwọ́ nínú kíkọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tí kì í ṣe ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní í lóye rẹ̀. Má rò pé Eliza ti yí ohùn padà níbẹ̀ o.

Tó o bá tún un kà, mú pẹ́ńsùlù, fàlà síbi gbogbo tí wọ́n ti pe Eliza. Higgins fi í wé ewé kábéèjì tó ti tẹ̀ rẹ́. Pickering, ọ̀rẹ́ Higgins, ń pè é ní Miss Doolittle. Ní apá karùn-ún, Eliza ní ìgbà tí Pickering pe òun bẹ́ẹ̀ ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara òun sí èèyàn. Ẹ̀rí rẹ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, pé bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn máa ń yí èèyàn padà.

Apá kẹta ni kí o jókòó tì jù, nílé ìyá Higgins. Ohùn Eliza ti dán, kò sí àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ: wọ́n ní ọ̀fìnkìn líle ló pa àǹtí òun, òun gbà pé ńṣe ni wọ́n pa á, àwọn tó jí fìlà rẹ̀ ni. Higgins ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, kò kọ́ ọ ní ohun tí àwọn ọlọ́lá kì í sọ lójú àlejò. Clara, ọmọ ìyá Freddy, sì gbà pé àṣà tuntun ni, ó gba ọ̀rọ̀ èébú ẹnu Eliza sọ. Lẹ́nu Clara, àrà ni wọ́n á pè é. Kọ èyí síwèé rẹ.

Má gbójú fo Doolittle, bàbá rẹ̀ tó ń kó pàǹtí. Ó tọrọ pọ́n-ùn 5, wọ́n fẹ́ fún un ní 10, ó kọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi pọ́n-ùn 3,000 lọ́dọọdún sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún, ó sì di ọlọ́lá láìkọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo oṣù tí Eliza fi jìyà ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni eré náà ti mú jù.

Béèrè ẹ̀dà tí ẹ ń lò. Nínú ti 1941, Shaw fi àwọn ìran fíìmù kún un, a sì rí Eliza níbi àríyá tí wọ́n mú un lọ kí àwọn èèyàn lè rò pé ọlọ́lá ni. Nínú ẹ̀dà àtijọ́, ẹnu ni wọ́n fi ròyìn rẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ ti àtijọ́, má kọ nípa ìran àríyá tí kò sí nínú rẹ̀.

Màmá rẹ