Bó Bá Jẹ́ Gáàsì Nìkan Ni, Kó Rọ Ọ́ Kó Tó Tà Á

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí o fi ránṣẹ́. Ó wù mí. Ara rẹ̀ mọ́, táyà rẹ̀ kò tíì jẹ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ tó fún ẹrù tí o ń kó. Ọ̀rọ̀ kan tí o ní ẹni tó ń tà á sọ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí: ó ní AC rẹ̀ dáa, pé gáàsì nìkan ló kù tí wọn ó rọ sí i. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Gáàsì AC kì í ṣe epo bẹntiróòlù tí ọkọ̀ ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n dì pa ló ti ń yí po: kọ́mpúrẹ́sọ̀ á fún un, kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀ á lé ooru kúrò lára rẹ̀, á gba abẹ́ dáàṣìbọọ̀dù kọjá láti kó ooru inú ọkọ̀, á sì tún padà. Lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ lè máa gba ara rọ́bà jáde bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n èyí tó tán débi pé AC kò tutù mọ́, ó jò ni, ibi tó ti jò ló sì yẹ ká mọ̀. Ó lè jẹ́ rọ́bà róbótó kan ní oríkèé páìpù, ìyẹn kò le. Ó lè jẹ́ èyí tó wà lábẹ́ dáàṣìbọọ̀dù, tí wọn ó tú iwájú ọkọ̀ palẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí kọ́mpúrẹ́sọ̀ ti bàjẹ́. Òróró tó ń mú un yọ̀ ń bá gáàsì rìn ni. Bí wọ́n bá ń lò ó láìsí gáàsì tó, irin inú rẹ̀ á máa ha ara wọn, èérún rẹ̀ á sì fọ́n ká inú páìpù. Owó ìyẹn kì í ṣe owó gáàsì.

Nítorí náà, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọ gáàsì náà, n ó padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́ kò ní rí ìyẹn bí ìṣòro. Bó bá yarí, kì í ṣe pé kí o sá o. Máa ná ọkọ̀ náà bí èyí tí kò ní AC rárá ni.

Ọjọ́ tí o bá lọ, jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sán tí oòrùn mú. Bí ojú ọjọ́ bá tutù jù, AC ọkọ̀ mìíràn kì í tilẹ̀ gbéra. Sọ fún un ṣáájú pé kó má tíì tan ọkọ̀ náà, kí o sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí o bá ti dé. Bó bá ti gbóná, bi í pé kí ló dé.

Tan ẹ́ńjìnnì, tan AC, fi í sí ibi tó tutù jù, kí o wá tẹ́tí. Wàá gbọ́ “kọ́” kan níwájú, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà díẹ̀. Àwọn kọ́mpúrẹ́sọ̀ ìgbàlódé kan kì í dún bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo páìpù: èyí tó nípọn á tutù, omi á máa sẹ̀ lára rẹ̀, èyí tó tín-ín-rín á gbóná, má dì í mú pẹ́. Ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù. Ibi tí o bá ti rí òróró tí eruku lẹ̀ mọ́ ní oríkèé páìpù, ibẹ̀ ló ti ń jò. Bí AC bá wà fún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pẹ̀lú, dùbúlẹ̀ kí o wo páìpù tó gba abẹ́ lọ, ìpẹtà máa ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, jókòó sínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lójú kan, láìwà á. Níbí ni mo fẹ́ kí o ti ní sùúrù jù. AC tí fáànù iwájú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tàbí tí ìdọ̀tí dí kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀, á tutù dáadáa lórí eré torí pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ooru dé. Ìwọ tó jẹ́ pé dídúró já ẹrù ni iṣẹ́ rẹ, kí lo fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe? Máa wo abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ gòkè. Bí o bá rí tẹmómítà, tì í bọ ojú ihò àárín tí afẹ́fẹ́ AC ń gbà jáde: láàárín 5 sí 10 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì dára, ó sì lè lé díẹ̀ bí oòrùn bá mú gan-an. Omi tó bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kò burú, AC tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ògiri láàárín ìjókòó àti ibi ẹrù, á pẹ́ kó tó tutù, torí gbogbo àyè yẹn ni AC ń mú tutù.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní ìpele tó le jù nìkan, tàbí tó ń rùn bí ohun tó bu, nǹkan kékeré nìyẹn, má torí ẹ̀ kọ ọkọ̀. Ka ìwé pélébé tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí o lè mọ irú gáàsì tí AC rẹ̀ ń lò: R-134a ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, R-1234yf ni ti ọ̀pọ̀ tuntun, ó sì wọ́n jù ú lọ dáadáa. Iye gíráàmù tó ń gbà wà níbẹ̀ náà.

Bó bá wù ọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, mú oníṣẹ́ AC tìrẹ lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, kó wò ó bóyá wọ́n ti da oògùn adíhò sínú rẹ̀. Mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí o sì pè mí kí o tó sanwó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ