Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa la máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó yéé pè wá?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń da fóònù láàmú yìí ni mo ní kí n bá yín sọ, torí ó ti wá débi pé èèyàn ò lè jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ nílé ẹ̀ mọ́, fóònù á máa ké, ẹni tó ń pè ò dẹ̀ kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe oníbàárà. Tí kì í bá ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fẹ́ ta orin fún ẹ, á jẹ́ àwọn tó ń ta ilẹ̀ l'Ékòó, tàbí àwọn olówó èlé orí fóònù tó ń wá ẹlòmíì, tàbí olè paraku tó ní báǹkì lòun ti ń pè. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣebí kéèyàn má gbé e ni. Ó dùn ún sọ o.

Ìyá wa ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti lé láàádọ́rin ọdún, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Tí nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ bá ti pè, ọkàn wọn á ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn tó wà lókè òkun, torí nọ́ńbà tiẹ̀ náà kì í dúró sójú kan, lónìí á gbé nọ́ńbà Nàìjíríà wá, lọ́la á kàn kọ nǹkan jágbajàgba tí ò yé ẹnì kankan. Nítorí náà wọ́n á sáré gbé e. Tẹ́ni yẹn bá ti lè ní "Ẹ káàsán mà, ẹ kú ilé o," ó parí nìyẹn! Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí àgbàlagbà tí wọ́n kí dáadáa gé fóònù mọ́ èèyàn lẹ́nu? Wọ́n á dáhùn, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé àwọn ò mọ ẹni táwọn ń bá sọ̀rọ̀ rí. Àwọn olè yẹn náà dẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkíni tí ìyá wọn kọ́ wọn nílé, òun gan-an ni wọ́n fi ń ja ìyá oníyàá lólè.

Ti ẹ̀rọ ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín tó tún bí mi nínú. Ẹ mọ àwọn ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ yẹn, tó máa ní kẹ́ ẹ tẹ oókan tẹ́ ẹ bá fẹ́ báyìí, kẹ́ ẹ tẹ eéjì tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ̀hún, Yorùbá ló dẹ̀ fi ń sọ ọ́. Ìyá wa ń dá a lóhùn! Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn náà ń ní "ẹ ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbè yín o," níbi tí wọ́n ti wá ń wá bí wọ́n ṣe máa pa á ni wọ́n ti tẹ nǹkan kan, bówó orí fóònù wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nìyẹn. Àgbà ìjọ ni wọ́n o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè wọ́n lásìkò yẹn, orin tàka-súfèé lẹ máa gbọ́ kí wọ́n tó gbé e.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń dín in kù. Lọ́dún 2016, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pàṣẹ pé kí gbogbo wọn ṣí nọ́ńbà kan, 2442. Tẹ́ ẹ bá kọ STOP ránṣẹ́ síbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ polówó ọjà kankan fún yín mọ́. Tó bá jẹ́ HELP lẹ kọ, wọ́n á to oríṣiríṣi ìpolówó sílẹ̀ fún yín, ti báǹkì, ti ilé àti ilẹ̀, ti ètò ẹ̀kọ́, ti ìlera, ti eré ìdárayá, títí kan ti ẹ̀sìn pàápàá, kẹ́ ẹ mú èyí tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ wà, STATUS ni kẹ́ ẹ kọ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Èyí tí wọ́n dẹ̀ ti ń yọ owó yín fún tẹ́lẹ̀, *305# lẹ máa tẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò látìgbà tí NCC ti ní kí wọ́n mú àwọn kóòdù wọn dọ́gba lọ́dún 2023. Mo ti bá gbogbo láìnì tó wà nílé wa ṣe é. Ariwo ẹ̀rọ yẹn rọlẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ ìbéèrè mi nìyí o. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa tí wọ́n ń yọ lẹ́nu la máa wá lọ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi wá sílẹ̀? Ìyá tó ń tẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́jà Ìgbóná ní Òṣogbo níbí, tí ò ka ìwé, báwo ló ṣe máa kọ STOP? Ta ló sọ fún un pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn lágbègbè wa, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ 2442 rí láyé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa polówó fóun ló yẹ kó kọ̀wé pé òun fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi àwa yòókù sílẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń sọ nǹkan tí ò ṣeé ṣe o, nílẹ̀ Jámánì bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn, oníṣòwò ò gbọ́dọ̀ pe aráàlú láti polówó ọjà fún un àyàfi tẹ́ni náà bá ti fọwọ́ sí i ṣáájú, owó ìtanràn ẹ̀ dẹ̀ lè dé 300,000 yúrò. Amẹ́ríkà ló ṣe bíi tiwa, ìwé kan ni wọ́n ṣí lọ́dún 2003 pé kí ẹni tí ò fẹ́ ìpè wá fi nọ́ńbà ẹ̀ sí i, ẹ bi àwọn èèyàn yín tó wà níbẹ̀ bóyá fóònù wọn ń sinmi.

Ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù tún wá burú jùyẹn lọ. Ọmọ àdúgbò kan lọ yáwó, kò san án, wọ́n wá ń pe ìyá wa pé ìyá wa ni oníduùró ẹ̀, pé tí ìyá wa ò bá wá nǹkan ṣe sí i, àwọn á fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ káàkiri. Ìyá tí ò mọ nǹkan kan! Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ń retí pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà wọn ò ṣòro, inú fóònù ọmọ yẹn ni wọ́n ti kó o. Google ti sọ látọdún 2023 pé app ayánilówó kankan ò gbọ́dọ̀ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nínú fóònù èèyàn mọ́, FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà náà ti ń ṣòfin lórí ẹ̀ bọ̀ láti 2022, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2025 tiẹ̀ sọ pé ìtanràn lè dé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà. A gbọ́. Àmọ́ wọ́n ṣì ń pè.

Àwọn olè ńkọ́? STOP ò kan olè, nọ́ńbà lásán bíi tèmi tìẹ ni wọ́n fi ń pè. Wọ́n á ní wọ́n fẹ́ ti BVN yín pa, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fáwọn, nọ́ńbà yẹn dẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ owó yín. Àwọn kan tún máa ní kẹ́ ẹ tẹ *21* kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà kan tì í. Ẹ má dán an wò o! Gbogbo ìpè tó yẹ kó wá sọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ wọn ló máa máa lọ, tí báǹkì bá pè yín gan-an, olè ló máa gbé e. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́, kó tètè tẹ ##002#, ó máa dá a padà.

Ohun tá a wá ṣe fún ìyá wa ni pé a ò ní kí wọ́n máa gé fóònù mọ́ ẹnikẹ́ni, torí wọn ò ní ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan la fi sí wọn lẹ́nu. Tẹ́ni tí wọn ò mọ̀ bá ti dárúkọ owó, báǹkì tàbí nọ́ńbà, wọ́n á ní "Ọmọ mi ló mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, ó dàbọ̀," wọ́n á wá tẹ bọ́tìnì pupa. Wọn ò yájú sí ẹnikẹ́ni, ilé ò dẹ̀ bàjẹ́. Èmi náà ń lò ó báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ju èébú lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ìjọba gan-an rèé. Ní December 2020, nígbà tí kòrónà ṣì ń jà, wọ́n ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ so NIN pọ̀ mọ́ símù, àwọn èèyàn lọ ń fún ara wọn pa lórí ìlà nínú oòrùn, wọ́n ní torí kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni. Ó dáa, tí nọ́ńbà kan bá wá pe ìyá àgbà láti jà á lólè, ta ló ni ín? Kí ló dé tí wọn ò fi mú un? Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ti wà láti June 2023, ó dẹ̀ fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà wa polówó ọjà. Ta ni wọ́n ń lò ó fún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kẹ́ ẹ máa tẹ 2442 síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, pẹ̀lú 622 tó jẹ́ nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sun NCC téèyàn bá ti kọ́kọ́ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ lórí 300 tí wọn ò dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ dẹ̀ rán oníròyìn yín kan lọ bi NCC ìgbà tí wọ́n máa yí i padà kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ ìpolówó ni yóò máa forúkọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá fèsì, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe jẹ́ gan-an, ẹ má gé e kúrú o.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Òṣogbo.