Ẹ Má Fi Òkú Ọlọ́kú Ṣe Ẹ̀rí Ìwàásù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni kò ti jẹ́ kí n sùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àkúrẹ́ níbí, oníwàásù ń ṣàlàyé ìdí tí ibi fi ń bá ènìyàn. Ó dé orí àwọn ará wa tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn kan ké “Àmín!” Obìnrin kan wà ní ìlà ìjókòó wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn tó kú lọ́jọ́ náà. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde kí wọ́n tó gbé igbá ọrẹ.

Onígbàgbọ́ ni mí. Mo gbà pé Ọlọ́run ń bá ọmọ rẹ̀ wí, n kò sì ní kí oníwàásù kankan dákẹ́ lórí ìrònúpìwàdà. Bí àjálù bá dé bá mi, tí mo wólẹ̀, tí mo yẹ ara mi wò, èmi àti Ọlọ́run mi la jọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ka ìwé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú ní Ọ̀wọ̀ sí ẹnikẹ́ni létí?

Wọ́n ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Jésù rí, nípa àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa nídìí ẹbọ wọn. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ ti Ọ̀wọ̀! Jésù fúnra rẹ̀ tún fi àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa kún un. Ó bi wọ́n bóyá àwọn yẹn jẹ̀bi ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, ó sì ní rárá. Àwọn alààyè tó dúró níwájú rẹ̀ ló wá sọ fún pé kí wọ́n ronúpìwàdà. Inú Lúùkù orí 13 ló wà.

Ẹ rántí ìbúgbàù òru ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2020 lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tó gbẹ́ kòtò ńlá sójú títì, tó ba ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé jẹ́. Ìjọba ní ọkọ̀ tó kó nǹkan abúgbàù ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Ifẹ̀ ní òkúta ló já láti ojú ọ̀run. Wọn ò tíì fẹnu kò tí àwọn kan ládùúgbò wa ti mọ ẹni tí Ọlọ́run ń bínú sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí Odò Alà bá kún. Ọ̀rá àti ike dí gọ́tà, wọ́n kọ́lé dí ojú omi: ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìyá tí omi gbé ọjà rẹ̀ lọ. Èwo nínú àwọn oníwàásù wa ló ń bá ẹni tó da ìdọ̀tí sódò wí?

Mo lọ kí obìnrin yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ náà. Mo ní kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló sọ ọ́ lórí pẹpẹ. Mo bẹ oníwàásù náà, kó lọ bá a nílé, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òun ṣì í sọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ìjọ kan,
Àkúrẹ́.