Ẹ̀sùn lórí ẹ̀rọ music server tí ẹ tà fún mi

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Sí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ iṣẹ́ yín tó ta music server, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì orin tó sì ń kọ ọ́ jáde, fún mi ní Lọ́kọ́ja fi dá mi lójú pé bí mo bá fi rọ́pò kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, orin á túbọ̀ dùn létí. Ohun kan náà ló wà nínú ìwé tí ẹ fi sínú páálí rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ dákun, ẹ dá owó mi padà.

DAC kan náà (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì orin di àmì ohùn tí ampilifáyà lè lò), ampilifáyà kan náà àti sípíkà kan náà ni mo fi gbọ́ méjèèjì. Àwọn àwo CD àpàlà àti jùjú mi ni mo kó sí fáìlì FLAC, tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára orin. Lórí CD, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì 16 sì ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn nọ́ńbà yìí bá dé inú DAC láìyingin, kí ni server tún fẹ́ fi kún un? Mo yẹ MD5, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì méjì bára mu, ti fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín wò. Ọgbọọgba ni wọ́n.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní jitter, ìyẹn àìdọ́gba àsìkò tí nọ́ńbà orin ń wọlé, ni ẹ̀rọ yín ń wò sàn. DAC mi ń lo USB asynchronous: aago inú DAC fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí dátà máa wọlé. Kò sí ohun tí server lè tún ṣe níbẹ̀.

Àbúrò mi tó ń darí akọrin ní ìjọ wa kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, ó ń fetí sí ibi tí gángan ti ń wọlé lẹ́yìn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ mú púpọ̀. Síbẹ̀, kò lè sọ èyí tó ń kọ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi aṣọ òfì nínípọn tí wọ́n hun ní Bùnú bo ògiri tó kọjú sí sípíkà, kíá ló yí orí padà: ariwo tó ń ta padà lára ògiri ti dínkù, ọ̀rọ̀ olórin sì ń yé wa. Ẹ ò rí i pé yàrá àti sípíkà ló yẹ kí ènìyàn náwó lé!

N kò ní ẹ̀rọ yín kò wúlò rárá. Kò ní fáànù, kì í pariwo, ó sì rọrùn láti fi fóònù wá orin nínú rẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe polówó rẹ̀ ni, mi ò bá má bínú. Ṣùgbọ́n ní Kàbà níbí, bí wọ́n bá mú iná lọ, orin inú rẹ̀ á já lójijì, kọ̀ǹpútà mi sì ń bá a lọ lórí bátìrì.

Òfin FCCPA ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, kò gbà kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta ọjà. Ẹ dá gbogbo owó mi padà, kí ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ ohùn tó ń dára sí i yẹn kúrò nínú ìwé yín, kí ẹlòmíràn má baà tún kó sí i. Mo ti dá ẹ̀rọ náà padà sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Bí ẹ bá rán ẹni tó máa gbà á wá, ilé ni yóò bá mi. Bí n kò bá gbúròó yín, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ni lẹ́tà kejì máa lọ.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kàbà.